Ọkọ̀ Kan fún Ilé, fún Ìgbẹ́ àti fún Etí Omi: Ohun Tó Yẹ Kí Ìdílé Wò Kí Wọ́n Tó Sanwó ní Okala

Ní Okala, ní àríwá Libreville, omi àti igbó kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. Ẹ gba ọ̀nà Cap Estérias, igbó Mondah á pàdé yín. Ẹ bọ́ sí etí omi ìlú, ẹ ó máa wo Pointe-Denis lódì kejì. Kò yani lẹ́nu pé bàbá tó fẹ́ràn ọdẹ tàbí ẹja pípa á fẹ́ ra píkọ́ọ̀pù tó lágbára. Ìyá ọmọ ní tirẹ̀ ń ro ti ilé ìwé, ti ọjà, àti ti ọmọ tó máa ń sùn lẹ́yìn ọkọ̀. Owó ọkọ̀ kan ṣoṣo ló sì wà nílé. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àwa rò pé orúkọ ọkọ̀ kọ́ ló yẹ kí tọkọtaya kọ́kọ́ jà lé lórí. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ kọ́kọ́ mọ ìwọ̀n ẹrù yín.

Ẹ wọn ọkọ̀ ojú omi náà

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Ká ní ara ọkọ̀ ojú omi yín jẹ́ kílò 450, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ 110, kẹ̀kẹ́ tí ẹ ń gbé e lé, èyí tí wọ́n ń pè ní remorque níbí, 300. Lítà epo bẹntiróòlù 100 tó kílò 75. Àwọ̀n, ìdákọ̀ró àti kúlà tó kún fún yìnyín lè tó 80. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ kílò 1,015. Ọ̀pọ̀ èèyàn á sọ fún yín pé ọkọ̀ ojú omi àwọn kéré, láìmọ̀ pé ó ti ju tọ́ọ̀nù kan lọ.

Iye yìí ṣe pàtàkì nítorí bíréèkì. Bí kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn kò bá ní bíréèkì tirẹ̀, kílò 750 ni òpin ohun tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lè fà, títí kan àwọn píkọ́ọ̀pù ńlá. Ẹ́ńjìnnì lè lágbára láti fa jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòótọ́, àmọ́ dídúró ló ṣòro. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè nínú òjò, tí takisí kan sì dúró lójijì níwájú yín, kẹ̀kẹ́ yẹn á máa ti ọkọ̀ yín síwájú, tọmọ tọmọ. Bí ẹrù yín bá ju 750 lọ, ẹ ra kẹ̀kẹ́ tó ní bíréèkì.

Ohun kejì ni ẹrù tó ń tẹ irin ìfà tó wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ó yẹ kó tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Nínú ìṣirò wa, ìyẹn jẹ́ bíi kílò 100. Bó bá fúyẹ́ jù, kẹ̀kẹ́ á máa jù sọ́tùn-ún sósì bí ẹ bá ń sáré. Bó bá wúwo jù, ìdí ọkọ̀ á rọ̀ sílẹ̀, táyà iwájú kò sì ní di ilẹ̀ mú dáadáa.

Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n máa dárúkọ fún yín

Toyota Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ á kọ́kọ́ sọ. Àwọn tuntun tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì, tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, lè fa tó kílò 3,500 bí kẹ̀kẹ́ bá ní bíréèkì. Ẹran àti àwọ̀n tó rùn á wà ní ẹ̀yìn, kò ní bá ọmọ jókòó. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣófo, ó máa ń fo lójú ọ̀nà tó bàjẹ́, àwọn ọmọ a sì máa bì.

Land Cruiser Prado rọni lọ́rùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, èèyàn méje lè jókòó sínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, ó sì lè fa ọkọ̀ ojú omi tí a ṣírò lókè yìí wẹ́rẹ́. Àmọ́ ó wọ́n, inú rẹ̀ kan náà sì ni ẹran máa wà.

RAV4 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dára fún ìlú, wọn kì í sì í jẹ epo púpọ̀. Ohun tí wọ́n lè fà yàtọ̀ síra, wọn kò sì ní jíà kékeré tí ń fa ọkọ̀ jáde nínú ẹrẹ̀. Ẹ wo ìwé ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ rà gan-an, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu olùtajà.

Bó bá jẹ́ tòkúnbọ̀, ẹ wo ibi tí ọwọ́ ìdarí wà. Ọ̀tún ni a ti ń wakọ̀ ní Gabon, nítorí náà òsì ló yẹ kó wà. Ẹ tún wo abẹ́ ọkọ̀ bóyá iyọ̀ òkun ti jẹ irin rẹ̀.

Ti ìgbẹ́

Igbó tó sún mọ́ wa jù ni a kò gbọdọ̀ dẹ. Ìjọba ń dáàbò bo igbó Mondah, Akanda sì wà lára ọgbà ìpamọ́ 13 tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2002. Ọdẹ tó bá fẹ́ pa òfin mọ́ ní láti jìnnà, kó gba ọ̀nà Ntoum àti Kango, kó sì yà sójú ọ̀nà alámọ̀ pupa tí òjò máa ń sọ di ọṣẹ. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ló ń béèrè ọkọ̀ tó ga nílẹ̀, táyà tó nípọn, táyà àfirọ́pò tó pé, àti ijókòó tó ṣeé fara dà fún wákàtí púpọ̀.

Ẹ gba ìwé àṣẹ ìbọn àti ti ọdẹ kí ẹ tó jáde nílé, ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ Eaux et Forêts ìgbà tí ìgbẹ́ ṣí. Erin, ìnàkí àti ẹkùn kì í ṣe ẹran ọdẹ. Ìbọn gbọ́dọ̀ ṣófo nínú ọkọ̀, kó wà ní títì, kí ọta sì wà níbòmíràn.

Ẹ má sì gbé òkú ẹran tí ẹ bá nínú igbó. Ní 1996, ní Mayibout, ní àríwá ìlà oòrùn Gabon, òkú ìnàkí kan tí wọ́n rí nínú igbó tí wọ́n sì pín ni Ebola ti wọ abúlé náà.

Ti etí omi

Ibi tí a ti ń sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sínú omi máa ń yọ̀, pàápàá nígbà tí omi bá ti fà. Ibẹ̀ ni jíà kékeré àti táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń gba owó wọn padà. Bí ẹ bá dé, ẹ jẹ́ kí ìdí táyà kẹ̀kẹ́ tutù ná. Bó bá gbóná wọ omi, yóò fa omi iyọ̀ sínú, yóò sì bàjẹ́ láìpẹ́. Bí ẹ bá padà délé, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ fọ kẹ̀kẹ́, bíréèkì àti abẹ́ ọkọ̀, kódà bó ti rẹ̀ yín.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ kó gbogbo ilé sínú ọkọ̀ náà, tìyá àgbà tọmọ, kí ẹ wò ó bóyá bẹ́líìtì kárí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù. Ẹ bẹ olùtajà kí ẹ so kẹ̀kẹ́ mọ́ ọn, kí ẹ dúró láàárín òkè, kí ẹ sì tún gbéra.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka iye ìgbà tí ẹ ń lọ sódò lọ́dún. Bí kò bá ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ, ẹ wá ibi tí ẹ ó máa gbé ọkọ̀ ojú omi sí létí omi, kí ẹ sì ra ọkọ̀ tó rọrùn fún ilé. Bó bá jẹ́ gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, tí ọmọ kò ju mẹ́ta lọ, píkọ́ọ̀pù onílẹ̀kùn mẹ́rin ni a ó yàn. Bí ilé bá kún ju bẹ́ẹ̀ lọ, Prado, kí ẹran máa wà nínú kúlà tó ní ìdérí tó dì pinpin.

Ògún ló ni ọdẹ, òun náà ló ni awakọ̀. Irin kì í gbọ́ àwáwí. Ẹ wọn ẹrù yín kí ẹ tó gbé e.