Ẹ̀tọ́ Ọ̀dọ́ tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Bẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Oṣù

Ìdùnnú ńlá ni ó máa ń jẹ́ fún ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé nígbà tí ó bá rí iṣẹ́ oṣù. Ìyá á jó, bàbá á súre. Ṣùgbọ́n ìdùnnú yìí kan náà kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ béèrè ohun tí ó yẹ kí wọ́n béèrè, títí ọ̀gá yóò fi lé wọn lójijì láìsanwó. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí o mọ ẹ̀tọ́ rẹ kí o tó wọ ẹnu iṣẹ́. Òfin Òṣìṣẹ́ ti ọdún 1974 ni ó dáàbò bo àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ agbára àti iṣẹ́ akọ̀wé ní Nàìjíríà.

Èkíní ni ìwé àdéhùn. Kí oṣù mẹ́ta tó pé tí o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀gá rẹ gbọ́dọ̀ fún ọ ní ìwé tí ó sọ irú iṣẹ́ tí o ó máa ṣe, iye owó rẹ àti ìgbà tí wọn yóò máa san án, wákàtí iṣẹ́ àti ìsinmi. Fi ìwé náà pamọ́ dáadáa. Ọ̀rọ̀ ẹnu lè yí padà. Ohun tí a bá kọ sílẹ̀ kì í yí.

Èkejì ni owó. Owó ni kí wọ́n fi san án, kì í ṣe ọjà, kò sì gbọdọ̀ ju oṣù kan lọ kí wọ́n tó san án. Bí ohun èlò bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ọ̀gá kò gbọdọ̀ dédé yọ ọ́ nínú owó rẹ. Àfi bí ó bá jẹ́ àmọ̀ọ́mọ̀ṣe tàbí àìbìkítà rẹ ni ó fà á, tí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ní oṣù Keje ọdún 2024, ìjọba gbé owó oṣù tí ó kéré jù lọ dé ₦70,000, ṣùgbọ́n òfin yẹn kò de ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25.

Ẹ̀kẹta ni ìsinmi. Bí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ bá tó wákàtí mẹ́fà, ó kéré tán o ní wákàtí kan láti fi sinmi. O ní ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀. Bí o bá pé oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́, o ní ìsinmi ọjọ́ mẹ́fà pẹ̀lú owó. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 ní ọjọ́ 12.

Ẹ̀kẹrin ni ìkìlọ̀ kí iṣẹ́ tó pin. Bí o kò bá tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ, ìkìlọ̀ ọjọ́ kan ni. Bí o bá ti jù bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n tí o kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan ni. Ìwọ náà gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún ọ̀gá bákan náà bí o bá fẹ́ẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá hùwà àìtọ́ lè pàdánù ìkìlọ̀ yìí.

Bí wọ́n bá rẹ́ ọ jẹ, má ṣe jà, má sì ṣe bú ọ̀gá. Mú ìwé rẹ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, tàbí kí o sọ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́.

Ní ìparí, rántí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọ̀gá nílò rẹ gẹ́gẹ́ bí o ti nílò ọ̀gá. Tètè dé ibi iṣẹ́, ṣe òótọ́, kí o sì mọ ẹ̀tọ́ rẹ.