Ìdáríjì Nìkan Kò Tó: Àwọn Arúgbó àti Aláìsàn Tí A Kò Tíì Dá Lẹ́jọ́ Ńkọ́?

 

Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ kéde pé Muhammadu Buhari, tó jẹ́ Ààrẹ nígbà náà, dárí ji ẹlẹ́wọ̀n 2,600 nítorí àrùn kòrónà. Lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ni ẹni tó ti pé 60 ọdún sókè, aláìsàn tí àìsàn rẹ̀ lè já sí ikú, àti ẹni tí owó ìtanràn rẹ̀ kò ju 50,000 náírà lọ. Apániláyà, ajínigbé, adigunjalè àti afipábánilòpọ̀ kò sí lára wọn. Ohun dáadáa ni ìjọba ṣe. Ṣùgbọ́n ẹbí tí bàbá wọn ti lé ní 70 ọdún, tí ìtọ̀ ṣúgà sì ń bá jà nínú ẹ̀wọ̀n, lè máa béèrè pé: kí ló dé tí wọn kò pe orúkọ tiwọn?

Ìdáhùn rẹ̀ nìyí. Ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ni ìdáríjì wà fún. Nínú ìwé tí Ààrẹ kọ sí Tanko Muhammad, tó jẹ́ Adájọ́ Àgbà ilẹ̀ wa nígbà náà, nínú oṣù kan náà, ó ní ènìyàn bíi 74,127 ló wà lẹ́wọ̀n nígbà náà, àti pé 52,226 nínú wọn ló ṣì ń dúró de ìdájọ́. Ìyẹn ni pé nínú ènìyàn mẹ́wàá, méje ni kò tíì jẹ̀bi lójú òfin. Ta ni yóò dárí ji ẹni tí a kò tíì dá lẹ́bi? Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó jẹ̀bi ṣe ń lọ sílé, tí ẹni tí òfin ṣì ń pè ní aláìṣẹ̀ ń jókòó sínú àhámọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò gba ìfalẹ̀. Ènìyàn 800 ni wọ́n kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Ìkòyí fún, ṣùgbọ́n ní ọdún 2020, iye tó ń gbé ibẹ̀ ti tó ìlọ́po mẹ́ta. Níbi tí ènìyàn ti ń sùn fẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ ta kété síra wọn? Àwọn wọ́dà náà ń wọlé, wọ́n ń jáde, wọ́n sì ń padà sọ́dọ̀ ọmọ àti aya wọn. Arúgbó, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà ni àrùn yìí ń tètè pa. Adájọ́ kò dá ikú fún wọn.

Nínú Suuratul Insaan, Ọlọ́hun yin àwọn tí ń bọ́ tálákà, ọmọ òrukàn àti ẹni tó wà ní ìgbèkùn. A kò ní kí wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ mọ́lẹ̀. Béèlì kì í ṣe ìdáláre. Ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀, olùjẹ́jọ́ yóò sì padà wá jẹ́ ẹ.

Kí ni ẹbí lè ṣe? Ẹ wá ìwé dókítà àti ẹ̀rí ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ fún lọ́yà, kó fi tọrọ béèlì. Ní ọdún 2020 tí ilé ẹjọ́ wà ní títì pàápàá, wọ́n ṣì ń gbọ́ ẹjọ́ kánjúkánjú. Ẹni tí kò ní owó lọ́yà, kó lọ bá Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń ṣèrànwọ́ fún aláìní. Bó bá jẹ́ owó ìtanràn ló dá a dúró, ẹ jẹ́ kí mọ́sálááṣí fi sàárà oṣù Ramadan gbà á sílẹ̀. Ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni lówó pé kó bá yín fi orúkọ sínú ìwé ìdáríjì. Kì í ṣe ọjà títà.

A bẹ àwọn gómìnà wa náà. Abala 212 ìwé òfin ilẹ̀ wa fún wọn lágbára láti dárí ji ẹni tó rú òfin ìpínlẹ̀ wọn. Kí àwọn adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ pẹ̀lú yẹ ọgbà ẹ̀wọ̀n wò, kí wọ́n tú ẹni tí wọ́n há mọ́ lọ́nà àìtọ́ sílẹ̀.

Kí Ọlọ́hun ká àjàkálẹ̀ àrùn kúrò nílẹ̀, kí Ó sì dá àwọn ènìyàn wa padà sílé láàyè. Àmín.