Òòfà Tí Ń Fa Májèlé Inú Omi

Omi tó tòrò lè má mọ́. Ní Ìnísà, álọ́ọ̀mù a máa mú ẹrẹ̀ inú omi rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè mú májèlé tó ti yòrò. Ní 2011, àjọ UNEP rí benzene nínú kànga ní Ogale, ilẹ̀ Ògóni. Ó ju ìwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé lọ ní ìlọ́po 900.

Ní 2004, Hayashi àti Hamaguchi, ní ilẹ̀ Japan, rí i pé òòfà ń fa iyọ̀ olómi kan tó ní irin nínú. Irú rẹ̀ tí kì í pò mọ́ omi ni àwọn onímọ̀ ń dà sínú omi ẹlẹ́gbin: májèlé bíi phenol á wọ inú rẹ̀, òòfà á fà á jáde, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sì tún un lò.

Ilé ìwádìí ni iṣẹ́ yìí ṣì wà. Nítorí náà, ẹ má ṣe da epo ọkọ̀ àlòkù sí ẹ̀bá kànga.