Ọfà Tí Mo Ta Láìmọ̀

Ọ̀rọ̀ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà àwọn ọdẹ, ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ọ̀dọ̀ ara mi ni n ó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí èmi gan-an ni mo ṣẹ̀.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń ya àwòrán ẹranko. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti débẹ̀ mọ̀ pé àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ kì í sá fún èèyàn. Wọn kì í ṣọdẹ nínú igbó náà, wọn kì í pẹja inú odò rẹ̀, wọn kì í sì í gé igi rẹ̀. Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO fi í kún àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Ọ̀bọ tí kò gbọ́ ìró ìbọn rí, kí ló fẹ́ sá fún? Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ lórí igi, wọ́n á máa wo ọwọ́ rẹ bóyá ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ya wọ́n títí, àwọn èèyàn ń yìn mí, èmi náà sì gbà pé mo ti di ọ̀gá. Mo gbàgbé pé ọdẹ aperin ni Olútìmẹ́hìn tí ìtàn ní ó rí odò Ọ̀ṣun nígbà tó ń lépa erin. Ọdẹ ló mọ ọ̀nà ibẹ̀ kí oníkámẹ́rà tó dé.

Ìgbà tí mo gbé kámẹ́rà lọ sí igbó kan ní apá Ìjẹ̀bú ni ojú mi là. N kò ní dárúkọ igbó náà. Ẹ ó mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi rìn. Ohun tí mo yà kò ju ìrù ẹran tó ń wọgbó lọ àti ewé tó ń mì lẹ́yìn rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrin, wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá ọdẹ kan, ọmọ Ògún, ọmọ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín.

“Ìwọ ọmọ yìí, gbogbo ẹran inú igbó yẹn ló mọ irú ọṣẹ tí o fi wẹ̀ láàárọ̀.”

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́ta ni bàbá fi ní kí n máa fi omi lásán wẹ̀, kí n má fọwọ́ kan lọ́fínńdà, kí n sì sá aṣọ mi sí ibi tí èéfín igi ti ń fẹ́. Nígbà tí a máa wá wọgbó, ó yọ àdó kékeré kan nínú àpò rẹ̀. Ọkàn mi fò. Mo ní oògùn àfẹ́ẹ̀rí nìyí, bàbá fẹ́ sọ wá di ẹni tí ẹran kò rí. Ó da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó jù ú sókè. Eérú ni! Ó wo ibi tí afẹ́fẹ́ gbé e lọ, ó sì mú wa yí ọ̀nà ká kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ láti ọ̀dọ̀ ẹran wá bá wa.

Mo bi í pé, “Bàbá, àfẹ́ẹ̀rí ńkọ́?”

Ó ní, “Ohun tí mo dà sọ́wọ́ yẹn ńkọ́?”

N kò sọ pé àfẹ́ẹ̀rí kò sí o. Ohun tí mo rí ni mo ń sọ.

Ìrìn ló tún wá le jù. Ẹni tó bá ń rìn ní títì, gìgísẹ̀ ló fi ń gbálẹ̀. Nínú igbó, bàbá ní kí n fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ kanlẹ̀ ná, kí n rọra fi tọ́ ewé àti igi gbígbẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀ wò, kí n tó wá gbé ara lé e. Bí nǹkan bá fẹ́ dá, kí n gbé ẹsẹ̀ sókè padà. Èyí já sí pé ẹsẹ̀ kan lèèyàn máa ń dúró lé bí lékeléke. Itan mi gbọ̀n ní ọjọ́ kìíní débi pé mo ṣubú lu igi. Bí ẹran bá tẹrí ba tó ń jẹun, kí n sún mọ́ ọn. Bó bá gbórí sókè, kí n di kùkùté, ìbáà jẹ́ pé kòkòrò wà nínú etí mi. Kí n má tẹjú mọ́ ọn. Bàbá ní ẹran máa ń mọ̀ bí ojú bá ń wò ó, pé kí n máa wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kàn mí.

Ẹ tún gbọ́ èyí tó dùn mọ́ mi jù. Mo rò pé ojú ẹsẹ̀ ẹtu la máa tọ̀ láti rí ẹtu. Bàbá kò wolẹ̀ rárá, òkè ló ń wò. Ọ̀bọ ló ń wá. Ọ̀bọ máa ń jẹ èso ní ìjẹkújẹ, a gé èyí jẹ, a sọ ìyókù sílẹ̀, ẹtu á sì wá sábẹ́ igi wá ṣa ohun tó já bọ́. Ẹni tó bá gbọ́ ariwo ọ̀bọ lórí igi eléso, kó wá ibi jókòó sí. A jókòó.

Ẹtu yọ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Abo ni, ọmọ rẹ̀ kékeré ń tẹ̀ lé e. Mo tẹ kámẹ́rà, ó sì dún kẹ́-kẹ́-kẹ́-kẹ́, torí mo ti tò ó kó máa ya púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ti lọ.

Bàbá kò bínú. Ó kàn bi mí léèrè pé, “Ọfà mélòó ni Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ní?”

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn náà mọ ìdáhùn. Àwọn olórìṣà Bràsíìlì, tí wọ́n ń kí Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ní ọba Kétu, fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀: ẹyẹ àwọn ẹlẹ́yẹ bà sórí òrùlé ààfin, àwọn ọdẹ tó ní ọfà púpọ̀ ta á tán, wọn kò bà á. Ọlọ́fà kan ṣoṣo, tí ìyá rẹ̀ rúbọ fún, ló bà á. Mo pa ariwo kámẹ́rà náà, mo tò ó sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ kejì, lábẹ́ igi kan náà, mo ya ìyá àti ọmọ. Ìbọn ṣakabùlà bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn, kò fọwọ́ kàn án. Ó ní abiyamọ ni.

Ibi tí mo ti ṣẹ̀ rèé. Mo gbé àwòrán náà sí Facebook. Inú mi dùn, mo kọ orúkọ abúlé sí i, mo kọ orúkọ odò, mo tún fi kún un pé ẹtu pọ̀ níbẹ̀ bí ewúrẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí bàbá fi pè mí pé kí n máa bọ̀. Kò sọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí mo dé, ó mú mi lọ sábẹ́ igi náà. Ike pupa tí ọta ìbọn òyìnbó máa ń fi sílẹ̀ ló fọ́n káàkiri ibẹ̀. Àwọn kan ló gun ọ̀kadà wá lóru, wọ́n de iná mọ́rí, wọ́n sì ń fi fóònù júwe ọ̀nà fún ara wọn. Ẹtu mẹ́ta ni wọ́n gbé gba abúlé kọjá.

Bàbá ṣa ike mẹ́fà, ó kó wọn lé mi lọ́wọ́. “Gba ọta rẹ.”

Ní Kúbà, níbi tí Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ti ń bá Ògún àti Ẹlẹ́gbá gbé pọ̀, àwọn olórìṣà ní ìtàn mìíràn. Wọ́n ní Ọ̀ṣọ́ọ̀sì mú ẹyẹ kan fún òrìṣà, ẹnìkan sì wá gbé e lọ. Inú bí i, ó ta ọfà sókè pé kó lọ gún àyà ẹni tó jí i. Ìyá rẹ̀ ló gbé ẹyẹ náà, kò mọ̀ pé ti òrìṣà ni. Ọfà náà kò ṣìnà. Mo ti ka ìtàn yìí tipẹ́, mo sì máa ń rò pé ìbínú ló ń bá wí. Ìdùnnú ni mo fi ta tèmi.

Mo ti yọ àwòrán náà kúrò. N kì í kọ orúkọ ibi mọ́, mo sì ti pa ohun tó wà nínú fóònù tó máa ń fi ibi tí a ti ya àwòrán pamọ́ sínú rẹ̀. Bí mo bá lọ síbi tuntun, ọdẹ ibẹ̀ ni mo máa ń lọ kí, n ó sì sanwó fún un bí ẹni tó fẹ́ ra ẹran lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn oníkámẹ́rà kan ní owó náà ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rìn fún ọjọ́ kan ná.

Oṣù tó kọjá, bàbá gbà kí a tún padà lọ wo abẹ́ igi náà. Ó ju eérú sókè. Afẹ́fẹ́ ṣe tiwa. Àwọn ọ̀bọ dé lórí igi ní àárọ̀ kùtù, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń jù ú sílẹ̀. A jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Èso ń já bọ́ lu ewé, kò sí ohun tó wá ṣa á.