Bí Ikú Ọ̀rẹ́ Ṣe Di Ìwé Ọmọdé

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1974, ààrá sán pa ọmọdébìnrin kan létí òkun ní Delaware, ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, òun sì ni ọ̀rẹ́ tí David, ọmọ òǹkọ̀wé Katherine Paterson, fẹ́ràn jù. Jẹjẹrẹ ti bá Paterson fúnra rẹ̀ fínra lọ́dún náà, nítorí náà ẹ̀rù ikú ti wà nínú ilé wọn kí ààrá tó sán. Nígbà tí kò rí èsì fún ìbéèrè ọmọ rẹ̀ nípa ikú yìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn Jess àti Leslie, ọmọ méjì tí wọ́n ń fi okùn fò kọjá odò kékeré wọ inú igbó, tí wọ́n ń fi ara wọn jọba níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan okùn já, Leslie sì kú. Paterson kò kọ́kọ́ lè kọ ibẹ̀. Ó yé e níkẹyìn pé ikú òun fúnra òun gan-an ni òun ń sá fún. Bridge to Terabithia jáde ní 1977, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Newbery ní 1978. David wà lára àwọn tó kọ ọ́ di fíìmù tó jáde ní 2007.

Port Harcourt ni ìwé yìí mú mi rántí. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2005, bàálù Sosoliso tó gbéra ní Àbújá já ní pápákọ̀ òfurufú ìlú náà. Ọgọ́ta akẹ́kọ̀ọ́ Loyola Jesuit College tí wọ́n ń bọ̀ wálé fún Kérésìmesì kú sínú rẹ̀. Wọ́n dá Jesuit Memorial College sílẹ̀ ní Port Harcourt ní ìrántí wọn. Kechi Okwuchi, ọ̀kan nínú ẹni méjì péré tó yè, sì kọ ìtàn ara rẹ̀ sínú More Than My Scars ní 2022. Iṣẹ́ ńlá ni méjèèjì. Síbẹ̀, ọ̀fọ̀ kan wà tí àṣà wa kò ya àyè sọ́tọ̀ fún. Òbí là ń bẹ̀ wò, òbí là ń kí pé ẹ kú ìrọ́jú. Ta ní ń kí ọmọ tó padà sílé ẹ̀kọ́ ní oṣù Kìíní tó bá bẹ́ẹ̀dì ọ̀rẹ́ rẹ̀ lófìfo? Òun gan-an ni irú ìwé Paterson ń bá kẹ́dùn, nítorí Jess, ọ̀rẹ́ tó ṣẹ́kù, ni ìtàn náà ń tẹ̀ lé.

Àwọn kan á ní a kì í dárúkọ ikú létí ọmọdé. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, àwọn òbí kan ti ní kí wọ́n kó ìwé náà kúrò nílé ẹ̀kọ́ nítorí ikú inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń pa àlọ́ Olúrónbí fún ọmọ, tí ọmọ ń gbe orin ìyá tó fi ọmọ tirẹ̀ jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún ìrókò, a ò lè sọ pé ikú ṣàjèjì sí wọn. Ohun tí a kì í fún wọn ni àyè láti sunkún rẹ̀. Ẹlòmíràn á ní ìjọba inú igbó yẹn kò ju irọ́ àti ìsákúrò lọ. Kó wo ohun tí Jess ṣe: ó to pákó lórí odò náà di afárá, ó sì mú àbúrò rẹ̀ obìnrin kọjá. Ibi tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ọkàn dá nìkan ló ti rí nǹkan fi ọ̀fọ̀ rẹ̀ ṣe.

Ní 2014, UNESCO fi Port Harcourt ṣe Olú-ìlú Ìwé Àgbáyé, ìlú àkọ́kọ́ tó gba oyè náà ní gúúsù Sàhárà. Ẹ̀yin òǹkọ̀wé ìlú náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ìwé ọ̀rẹ́ tó ṣẹ́kù fún àwọn ọmọ yín.