Ìkúnlẹ̀ Ẹni Tí A Rán Níṣẹ́

Láàrin ọdún 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ṣùgbọ́n tó di ará Ìsẹ̀ pátápátá, gbẹ́ àwọn òpó fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀kan nínú wọn wà ní ilé ọnà kan ní Chicago báyìí: ọba jókòó, olorì àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀, aya kékeré kan sì kúnlẹ̀ níbi ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé nǹkan ni obìnrin yìí ń tọrọ. Ó sì lè jẹ́ pé iṣẹ́ ni ọba fẹ́ rán an. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀, nítorí ìkúnlẹ̀ kan náà la fi ń ṣe méjèèjì nílẹ̀ wa. Ọmọbìnrin tó fẹ́ gba owó lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ á kúnlẹ̀. Bí ìyá àgbà bá sì pè é kó wá lọ sọ́jà fún òun, á tún kúnlẹ̀ gbọ́. Ohun tó ń ká mi lára ni pé àwa Kristẹni gúúsù Èkìtì, láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀ àti Èmùré, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi gbogbo ìkúnlẹ̀ wa ṣe ti ẹni tó ń tọrọ. Ìkúnlẹ̀ ẹni tó fẹ́ gbọ́ iṣẹ́ ti di àwátì, bẹ́ẹ̀ òun ló ṣáájú nínú àdúrà tí Jésù fi kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Nínú àdúrà náà, kí ìfẹ́ Ọlọ́run ṣẹ ló ṣáájú ohun tí a ń tọrọ fún ara wa. Oúnjẹ òòjọ́ tẹ̀lé e.

N kò bá ẹni tó ń tọrọ wí. Àgbẹ̀ tí òjò já kulẹ̀, ìyàwó tó ń wá ọmọ, òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò dé, gbogbo wọn ló ní ẹ̀tọ́ láti ké pe Bàbá. Kí ẹ̀sìn Kristi tó dé pàápàá, Ìkẹ́rẹ́ ti mọ ìtọrọ dáadáa: níbi àpáta Olósùnta, ẹni tó ń wá ọmọ á jẹ́ ẹ̀jẹ́, bó bá sì rí i gbà, á padà wá san án. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀jẹ́, ẹni tó ń tọrọ ló mọ ohun tó fẹ́, òun náà ló dá iye tí yóò san. Ìpinnu kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìṣọ́ òru wa kò tíì kọjá ibẹ̀. A gbààwẹ̀, a ṣèlérí, a dúnàádúrà, a sì lè ṣe é fún ogún ọdún láìbi Ọlọ́run léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí ni Ó fẹ́ kí a ṣe.

Èdè wa fúnra rẹ̀ tún ràn wá lọ́wọ́ níbí ju bí a ti rò lọ. Nínú Bíbélì Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan náà, ìfẹ́, la fi ń pe ohun tí Ọlọ́run pinnu àti bí ọkàn rẹ̀ ṣe fà sí wa. Èdè Gíríìkì tí wọ́n fi kọ Májẹ̀mú Tuntun ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún méjèèjì. Ẹnì kan lè sọ pé àìtó ọ̀rọ̀ ló fà á. Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ ńlá ni. Ẹni tó ń gbàdúrà ní Yorùbá pé kí ìfẹ́ Ọlọ́run ṣẹ kò lè yọ àṣẹ kúrò lára ojú àánú. Àṣẹ ẹni tó fẹ́ràn ẹni kì í ṣe àṣẹ ọ̀gá tó gba ẹrú sóko.

Àpẹẹrẹ ẹni tó gbọ́ iṣẹ́ tí a rán an, tó sì súnmọ́ wa jù, ni ti Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Wọ́n bí i ní 1904 ní Odò-Ọwá. Awakọ̀ rólà tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà ni, ó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú P.W.D., iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ọ̀nà, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ayé ìgbà náà ń wá lójú méjèèjì. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1928, ó wà lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, nítòsí Ìkejì-Arákejì, nígbà tó gbọ́, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti máa ń sọ, ohùn kan tó ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kó lọ wàásù. Ó fi í sílẹ̀. Ohun tí àwọn èèyàn máa ń sáré dé nínú ìtàn yìí ni ìsọjí Òkè-Ooye ní Iléṣà ní 1930, níbi tí ogunlọ́gọ̀ ti wá fún ìwòsàn, àti èyí tó tẹ̀lé e ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Èmi fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí àárín 1928 sí 1930. Owó oṣù ti lọ, ìsọjí kò tíì dé, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń wo ọkùnrin náà bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Bó bá jẹ́ pé èrè ni òṣùwọ̀n ìgbọràn, ọdún méjì yẹn kò ní ìtumọ̀. Ẹni tó bá sì ka ìsọjí sí owó tí Ọlọ́run san padà fún un yóò ṣàlàyé ọdún 1932, tí wọ́n fi í sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní ìlú Benin nítorí ìwàásù rẹ̀ lórí àjẹ́. (Ọ̀rọ̀ àjẹ́ yìí ṣì ń fọ́ ilé títí dòní, wọ́n sì ti fi í hùwà ìkà sí ọ̀pọ̀ ìyá arúgbó. Pé ẹnì kan gbọ́ràn kò sọ gbogbo ohun tó wàásù di èyí tí a kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò.)

Àwọn kan á ní kí ni àdúrà fẹ́ ṣe sí i, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí Ọlọ́run bá fẹ́ ni yóò ṣẹ. Wọ́n ní àdúrà pé kí ìfẹ́ Ọlọ́run ṣẹ, àdúrà ìgbọràn, kò yàtọ̀ sí kí èèyàn káwọ́ gbera, kó ní àyànmọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa tó sọ pé àkúnlẹ̀yàn ni àdáyébá kò sọ pé wọ́n wọ́ ẹnikẹ́ni débẹ̀. Èèyàn kúnlẹ̀, ó sì yàn. Nínú ìrònú Yorùbá, ẹni tó kúnlẹ̀ kò tíì pàdánù ìfẹ́ inú rẹ̀. Àdúrà ìgbọràn tún ìkúnlẹ̀ náà ṣe ní gbangba, pẹ̀lú ojú tó là: mo rí ohun tí mo fẹ́, mo rí ohun tí O fẹ́, mo yan tìrẹ, fún mi lágbára. Jésù nínú ọgbà Gẹtisémánì kò díbọ́n pé òun kò fẹ́ kí ago náà ré òun kọjá. Ó tọrọ bẹ́ẹ̀ láìfi bò, lẹ́yìn náà ló fi ìpinnu sílẹ̀ fún Bàbá. Pọ́ọ̀lù náà bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lórí ẹ̀gún inú ara rẹ̀ kó tó gba èsì tí kò bẹ̀bẹ̀ fún. A ń tọrọ, a sì ń gbọ́ràn. Èyí kò lé ìkejì lọ.

Ẹ̀hónú tó wúwo jù, tí mo sì gbà pé ó tọ́ láti bẹ̀rù, ni ti àwọn tó ń fi orúkọ Ọlọ́run rán èèyàn níṣẹ́ ara wọn. Wòlíì kan á ní Ọlọ́run sọ pé kí o ta ilẹ̀ bàbá rẹ, òmíràn á ní ìyá rẹ ló di ọwọ́ rẹ mú. Bí a bá kọ́ èèyàn láti máa gbàdúrà ìgbọràn, ṣé a kò ní fà wọ́n lé irú àwọn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́? Àwọn àgbà ti dáhùn: ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ẹni tó ń bá Olúwa tó rán an sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, tó sì mọ ohun tó ti sọ tẹ́lẹ̀ nínú Ìwé rẹ̀, kò ní pẹ́ mọ̀ pé ẹni tó ní kó kórìíra ìyá rẹ̀ kò ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Ẹni tí kò gbàdúrà ìgbọràn rí gan-an ló máa ń ṣubú sọ́wọ́ alágàbàgebè, torí kò mọ ohùn mìíràn. Òwe mìíràn tún wà: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìgbọràn tó ní ọgbọ́n nínú ni Bíbélì ń béèrè.

Nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀, a kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ìfẹ́ Ọlọ́run kiri. A ti mọ̀ ọ́n. Àgbẹ̀ kòkó ní Èmùré tó jẹ lébìrà rẹ̀ ní owó kò nílò ìran kó tó san án. Ẹbí tó sún ààlà wọ ilẹ̀ opó ní Ìsẹ̀ mọ ibi tí pèrègún wà tẹ́lẹ̀. Ohun tó kù ni okun láti ṣe é, okun náà sì máa ń tán. Lóru ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Jésù padà lọ gbà á. A kò lè gba ti ọdún kan tán lẹ́ẹ̀kan ní àìsùn ìparí ọdún.