Tutù, Dì, Yọ́: Ohun tí Ẹja Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ Kọ́ Mi Nípa Fíríìsà

Ọ̀rọ̀ kan náà ni Yorùbá ń lò fún ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lódò àti ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú fíríìjì: ẹja tútù. Omi tútù wà, ewé tútù wà, ọ̀rọ̀ tútù náà wà. Nínú iṣẹ́ àṣekágbá tí mo ń ṣe lórí àwọn ọ̀rọ̀ ìṣòwò ẹja ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ọ̀rọ̀ kékeré yìí ló gbà mí lákòókò jù. Nígbà tí mo fi máa parí àkójọ ọ̀rọ̀ mi, ìwé tí mo ti kà nípa fíríìsà ti pọ̀ ju èyí tí mo kà nípa mọ́fíìmù lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kan àpò, ó sì kan ikùn. Bí òtútù bá já lójú ọ̀nà, ẹni tó ń ta ẹja máa pàdánù owó, ẹni tó rà á sì lè kó àìsàn. Ẹ jẹ́ ká wo bí òtútù ṣe ń pa oúnjẹ mọ́, ìdí tó fi wọ́n, àti bí a ṣe lè rí i láìba ayé jẹ́.

Kí ló ń ba ẹja jẹ́?

Àwọn kòkòrò àìfojúrí ni. Láàrin dígírì 5 sí dígírì 60 ni ara ti máa ń tù wọ́n. Níbi tí ooru bá ti rí bí ooru ara èèyàn, àwọn kan lára wọn lè di ìlọ́po méjì láàrin ogún ìṣẹ́jú. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọ̀kan máa di 8 láàrin wákàtí kan. Lẹ́yìn wákàtí méje, ó ti lé ní mílíọ̀nù méjì. Ẹja tí wọ́n gbé sórí àtẹ láàárọ̀ lè lo wákàtí méje kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọ̀nà méjì la fi ń dá wọn dúró. Àkọ́kọ́ ni pé ká gba omi lọ́wọ́ wọn. Ohun tí àwọn ìyá wa ń fi ẹja yíyan ṣe nìyẹn, títí di òní olónìí. Ìkejì ni pé ká gba ooru lọ́wọ́ wọn. Ní dígírì 4 sísàlẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn máa ń lọ́ra. Tó bá dé dígírì 18 nísàlẹ̀ òdo, tí í ṣe ìwọ̀n tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń lò fún oúnjẹ dídì, wọn ò lè pọ̀ sí i mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ò kú o. Oorun ni wọ́n ń sùn. Kí oúnjẹ yọ́ báyìí, wọ́n jí.

Àwọn kan máa ń sọ pé iná ọbẹ̀ máa pa gbogbo rẹ̀. Kì í rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Bí títọ́ọ̀sì àti àwọn ẹbí rẹ̀ bá pẹ́ nínú ooru, kòkòrò máa ń sọ nǹkan kan nínú ẹran wọn di hísítámíìnì. Sísè kì í bà á jẹ́, dídín kì í bà á jẹ́, kí wọ́n tún gbé e padà sínú fíríìsà kò sì lè mú un kúrò. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lè rí i pé ojú òun ń pọ́n, ara ń yún òun, orí sì ń fọ́ òun láìpẹ́ sígbà tó jẹun. Òtútù tí kò já láti odò dé ìkòkò nìkan ni ààbò.

Fíríìsà kì í ṣe òtútù

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé fíríìsà ń ṣe òtútù bí ààrò ṣe ń ṣe ooru. Ooru ni fíríìsà ń kó jáde. Ìdí nìyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi máa ń gbóná.

Ẹ rántí amù, ìkòkò omi àwọn ìyá wa àgbà. Omi máa ń sun jáde díẹ̀díẹ̀ lára amọ̀, atẹ́gùn á gbé e lọ, bó sì ṣe ń lọ ló ń mú ooru inú ìkòkò dání. Olùkọ́ kan láti ìhà Àríwá, Mohammed Bah Abba, ló lo ọgbọ́n yìí nígbà tó ki ìkòkò kan bọ inú òmíràn, tó fi yanrìn tútù sáàrin wọn kí ẹ̀fọ́ má baà tètè bàjẹ́. Ó gba ẹ̀bùn Rolex ní ọdún 2000. Ṣùgbọ́n ibi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ ni ọgbọ́n náà ti ń jíire. Létí ọ̀sà ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, omi ti kún inú afẹ́fẹ́, èyí tó wà lára ìkòkò kò rí ibi sá lọ.

Ohun tí amù ń ṣe ni fíríìsà náà ń ṣe, àyàfi pé gáàsì ló rọ́pò omi, ó sì ń yípo. Nínú páìpù inú, gáàsì tó ti di olómi máa ń fẹ́, á sì fa ooru ẹja mọ́ra. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ á fún un pọ̀, ara rẹ̀ á gbóná, á lọ sínú páìpù ẹ̀yìn, á tu ooru náà dànù síta, á sì tún di olómi. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ yìí ló ń jẹ iná.

Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta

Mo bi ìyá kan tó ń ta ẹja inú fíríìsà ní Ìkòròdú pé, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ẹja ti tutù tó?” Ó rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, kì í ṣe kó tutù ni mò ń wá. Mo fẹ́ kó dì. Tó bá ti yọ́ pẹ́nrẹ́n, tèmi kọ́ mọ́, ti ológbò ni.”

Gbólóhùn yẹn ló tún iṣẹ́ mi tò. Orúkọ náà, tútù, gbòòrò jù, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wa ò gbòòrò. Tutù ni ti fíríìjì, níbi tí omi ṣì ń ṣàn. Dì ni ti fíríìsà, níbi tí omi ti le gbagidi. Yọ́ ni ìkìlọ̀.

Bí nǹkan ṣe yára dì náà ṣe pàtàkì. Bí ẹja bá dì díẹ̀díẹ̀, yìnyín inú ẹran rẹ̀ máa tóbi, á ya ẹran náà. Bó bá yọ́, omi á dà, ẹran á sì rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Bó bá yára dì, yìnyín náà á kéré, ẹran á sì dúró. Clarence Birdseye, ará Amẹ́ríkà, rí i ní Labrador ní nǹkan bí ọdún 1912 sí 1915 pé ẹja tí àwọn onílé ibẹ̀ ń gbé sínú otútù líle máa ń dì lójú ẹsẹ̀, adùn rẹ̀ kì í sì í lọ. Láti ara rẹ̀ ni òwò oúnjẹ dídì ti ayé òde òní ti gbérí. Nítorí èyí ni ilé-iṣẹ́ fi máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tó tutù tó dígírì 30 sí 40 nísàlẹ̀ òdo sára ẹja tàbí adìyẹ kí wọ́n tó kó o pamọ́.

Iná dà?

A kì í wà létí odò ká máa fi itọ́ bọ́jú. Ìtòsí Ìjẹ̀dẹ́, ní Ìkòròdú, ni ilé-iṣẹ́ iná Ẹgbin wà, ẹ̀rọ mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ mẹ́gáwáàtì 220. Síbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ló ń kọrin fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta ẹja dídì ládùúgbò.

Ní oṣù May 2023, wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Ní oṣù April 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A fò láti náírà 68 sí náírà 225 fún kílówáàtì-wákàtí kan. Ká ní fíríìsà kan ń jẹ kílówáàtì-wákàtí 2 lójúmọ́ nígbà náà: náírà 450 lójúmọ́ nìyẹn, 13,500 lóṣù. Ní iye owó ìgbà yẹn, ẹni tó ní fíríìsà mẹ́ta á san 40,500 kó tó rí èrè ẹja kan. Ibẹ̀ ni ìdánwò wà, kí èèyàn pa fíríìsà lóru, kó sì tàn án láàárọ̀. Ẹja tó yọ́ lóru lè ti tún dì kí oníbàárà tó dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rà, ẹ wo ìsàlẹ̀ páálí. Bí yìnyín bá gbárajọ síbẹ̀ bí omi tó dà tó sì tún dì, tí ẹja sì ti lẹ̀ mọ́ra tàbí tí ó wọ́, ó ti yọ́ rí.

Gáàsì náà ńkọ́?

Àwọn gáàsì àtijọ́, bíi R-12, ń jẹ ìbòrí òsónù tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ oòrùn. Àdéhùn Montreal ti ọdún 1987 ló lé wọn lọ. Àwọn tó rọ́pò wọn, bíi R-134a, kì í jẹ òsónù, ṣùgbọ́n wọ́n ń mú ayé gbóná: kíló kan rẹ̀ tó bá jò lágbára tó kíló 1,430 kábọ́ọ̀n-dàyọ́ọ̀sáìdì láàrin ọgọ́rùn-ún ọdún. Àdéhùn Kigali ti ọdún 2016 ló ní kí wọ́n máa dín ìyẹn náà kù. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń padà sí amóníà. Àwọn fíríìjì tuntun ń lo R-600a tàbí R-290, ẹbí gáàsì ìdáná wa, tí agbára wọn láti mú ayé gbóná kéré gan-an. Wọ́n lè gbiná o, nítorí náà, iṣẹ́ ẹni tó kọ́ ọ ni àtúnṣe wọn. Oníṣẹ́ tó kàn já páìpù kí gáàsì lè jáde ń ba ti gbogbo wa jẹ́.

Ohun tó ṣeé ṣe

Yìnyín ni bátìrì tó pọ́ọ́kú jù. Bí kíló yìnyín kan bá ń yọ́, ooru tó máa fà mọ́ra tó èyí tó lè gbé kíló omi kan láti dígírì 0 dé dígírì 80. Ẹni tó bá di omi sínú ike nígbà tí iná wà, tó sì tò ó yí ẹja rẹ̀ ká, ti fi òtútù pamọ́ de òru. Fíríìsà tó kún ń pẹ́ kó tó yọ́ ju èyí tó ṣófo lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ jìnnà díẹ̀ sí ògiri, kí ooru rí ọ̀nà jáde. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà ilẹ̀kùn tó ti ya.

Fún ọjà, yàrá òtútù àjọlò ló yẹ. ColdHubs, tí Nnaemeka Ikegwuonu dá sílẹ̀ ní Òwèrè, ń fi iná oòrùn mú yàrá tutù lẹ́bàá ọjà, oníṣòwò á sì máa san owó lórí àpótí kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ẹni tí kò lágbára fíríìsà lè san ti àpótí kan.

Ìpín tiwa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, wà nínú ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ń túmọ̀ ohun tí wọ́n kọ sára páálí oúnjẹ, ẹ má kàn kọ “ẹ tọ́jú síbi tútù.” Ẹ kọ ọ́ bí ìyá ẹlẹ́ja yẹn ṣe sọ ọ́: ẹ jẹ́ kó dì; bó bá yọ́, ẹ sè é lónìí, ẹ má dì í mọ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá tí ìyẹn máa rú lójú.